Kí ẹ tó ra pìpẹ́ẹ̀tì tuntun, ẹ kọ́kọ́ wọn omi tí ti àtijọ́ ń bù

Ìbéèrè: "Láàbù àdáni kékeré kan n'Ibadan ni mo ń bójú tó. Láti bí oṣù mẹ́ta báyìí, haemoglobin (èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n) tí à ń rí máa ń kéré sí ti láàbù kejì tí a jọ ń fi ẹ̀jẹ̀ kan náà dán ara wa wò. Reagent (kẹ́míkà àyẹ̀wò) tuntun là ń lò, kọlọrímítà wa, ẹ̀rọ tó ń ka bí àwọ̀ ṣe kún tó, kò sì ní wàhálà. Ó wá ku pìpẹ́ẹ̀tì wa, ohun èlò tí a fi ń bu omi díẹ̀, ti 20 µL àti ti 1000 µL (µL kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílílítà), tí wọ́n ti lé lọ́dún mẹ́fà. Oníṣòwò kan ní ká kó wọn dànù ká ra ti Eppendorf. Òmíràn gbé irú kan wá tí owó rẹ̀ kò tó ìdámẹ́rin ti Eppendorf. Ṣé pìpẹ́ẹ̀tì máa ń gbó ni? Báwo la ṣe máa mọ̀ pé òun ló ń tàn wá jẹ, kí ló sì wà nínú ti ilé iṣẹ́ Jámánì yẹn tó fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀?"

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má tíì ná kọ́bọ̀. Pìpẹ́ẹ̀tì máa ń gbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó sábà máa ń gbó lára rẹ̀ kò ju rọ́bà kékeré kan tàbí méjì lọ, owó wọn kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó odindi pìpẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò tilẹ̀ sí ohun tó ṣe pìpẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, tó jẹ́ pé típù (ẹnu ike tó ṣeé yọ) tàbí ọwọ́ ẹni tó ń lò ó ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Òṣùwọ̀n ló lè sọ èyí tó jẹ́, kì í ṣe oníṣòwò.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi ṣeé fi falẹ̀ rèé. Nínú ọ̀nà Drabkin, tí a fi ń wọn haemoglobin pẹ̀lú reagent tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, 20 µL ẹ̀jẹ̀ là ń fi sínú 5 mL reagent, ẹ̀jẹ̀ á wá di ìdá kan nínú 251. Tí pìpẹ́ẹ̀tì bá bu 18 dípò 20, ó ti di ìdá kan nínú nǹkan bí 279, àbájáde á sì fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀. Aboyún tí haemoglobin rẹ̀ jẹ́ 12 g/dL á jáde ní 10.8. Bẹ́ẹ̀, 11 ni ààlà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ oyún. 2 µL omi kò ju orí píìnì lọ, síbẹ̀ ó ti sọ ẹni tí ara rẹ̀ le di ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn nípa pìpẹ́ẹ̀tì yìí ni pé omi tí ẹ ń rí nínú típù kì í fara kan písítìn rárá. Afẹ́fẹ́ ló wà láàárín wọn. Bí àtàǹpàkò yín bá ti písítìn wálẹ̀, á lé afẹ́fẹ́ jáde. Bí ẹ bá rọra jọ̀wọ́ rẹ̀, sípíríǹgì á gbé písítìn padà sókè, omi á sì gòkè wá gba àyè afẹ́fẹ́ tó ti jáde. Iṣẹ́ okùn kànga ni afẹ́fẹ́ yìí ń ṣe: bí okùn bá ń yọ̀ lọ́wọ́, korobá kò ní dé ibi tí ẹ fẹ́ kó dé. Ibi méjì ni afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń yọ́ wọlé. Ọ̀kan ni ibi tí típù ti wọ ẹnu pìpẹ́ẹ̀tì, èkejì ni rọ́bà tó yí písítìn ká, tí à ń pè ní síìlì. Bí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí bá yé yín, bíi gbogbo àrùn pìpẹ́ẹ̀tì ló ti yé yín.

Ìlànà iṣẹ́ yìí kò tíì yí padà láti ọdún 1957, nígbà tí Heinrich Schnitger ṣe èyí àkọ́kọ́ ní Marburg, nílẹ̀ Jámánì. Kó tó dìgbà náà, ẹnu ni wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ àti ásíìdì sókè nínú gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́. Schnitger fi sípíríǹgì sára ohun tó jọ sìríǹjì, ó dá a dúró sí ìwọ̀n kan, ó sì fi ẹnu ike tó ṣeé yọ sí i kí omi má baà dé inú ẹ̀rọ. Eppendorf, tí Heinrich Netheler àti Hans Hinz dá sílẹ̀ lọ́dún 1945 nínú ọgbà ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní àdúgbò Eppendorf ní Hamburg, ló gba iṣẹ́ náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lọ́dún 1961. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ni pìpẹ́ẹ̀tì ìgbà yẹn ń bù. Warren Gilson ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, l'Amẹ́ríkà, ló mú èyí tó ṣeé yí nọ́ńbà rẹ̀ jáde ní àwọn ọdún 1970.

Ó yá, ká bọ́ sídìí iṣẹ́. Èyí tó yá jù lẹ ó kọ́kọ́ ṣe, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ yí pìpẹ́ẹ̀tì 1000 sí òkè pátápátá, ẹ fi típù tuntun sí i, ẹ fa omi dísítíìlì tó ti wà nínú yàrá kan náà sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, kí ẹ dà á jáde, kí inú típù lè rin. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wá gbé pìpẹ́ẹ̀tì dúró ṣánṣán fún ìṣẹ́jú àáyá 15 láìmì ín. Ẹ tẹjú mọ́ ẹnu típù. Tí pìpẹ́ẹ̀tì bá dá ṣáṣá, ìsàlẹ̀ omi á tẹ́jú síbi tó wà. Tó bá ń jò, ẹ ó rí i tí omi á rọra wú jáde ní ẹnu típù, á yípo bí ẹyin aláǹgbá, á gbọ̀n díẹ̀ kó tó já bọ́. Ẹ pààrọ̀ típù sí irú mìíràn, kí ẹ tún un ṣe. Tí jíjò bá dúró, típù lẹ máa rà, kì í ṣe pìpẹ́ẹ̀tì. Tí kò bá dúró, ẹ yọ típù kí ẹ wo ẹnu pìpẹ́ẹ̀tì lábẹ́ iná: ojú ibi tí típù ti ń dì mọ́ ọn ha yípo, àbí ó sán? Àwọn tó máa ń gbá pìpẹ́ẹ̀tì mọ́ inú páálí típù lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin ló ń ha á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn ń tẹ̀ ẹ́, kó sì jẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Tí ẹnu rẹ̀ bá dára, síìlì ni ẹjọ́ kàn.

Fún ti 20 µL, ojú kò lè rí jíjò bẹ́ẹ̀ dáadáa, nítorí náà òṣùwọ̀n ni ọ̀nà rẹ̀. Bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n tó ń ka 0.1 mg, ó tó fún ti 1000. Fún ti 20 µL, èyí tó ń ka 0.01 mg ni ISO 8655, ìlànà àgbáyé fún yíyẹ pìpẹ́ẹ̀tì wò, ń fẹ́. Bí ẹ kò bá ní, ẹ wá ibi tí wọ́n ní in, irú bí ẹ̀ka kẹ́mísírì ní yunifásítì. Ẹ tan òṣùwọ̀n sílẹ̀ ní ó kéré tán wákàtí kan ṣáájú. Bí iná bá lọ láàárín, ẹ bẹ̀rẹ̀ wákàtí náà lákọ̀tun. Ẹ gbé e jìnnà sí atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù àti sí tábìlì tí jẹnẹrétọ̀ ń gbọ̀n. Omi, típù, pìpẹ́ẹ̀tì àti òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ ti jọ wà nínú yàrá kan fún wákàtí méjì. Lásìkò ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ẹ gbé ife omi kékeré sínú àpótí gíláàsì òṣùwọ̀n, torí omi tí ẹ ń wọ̀n máa ń gbẹ lójú yín, àṣìṣe yẹn sì máa ń pọ̀ nígbà tí omi bá kéré.

Ẹ fi típù tuntun sí i, ẹ fa omi kí ẹ sì dà á jáde lẹ́ẹ̀marùn-ún láì kà á. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi sínú ife orí òṣùwọ̀n nígbà mẹ́wàá, kí ẹ máa kọ ìwúwo ìkọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ìwọ̀n mẹ́ta lẹ ó ṣe é fún: òkè pátápátá, ìdajì, àti ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹ pín àròpọ̀ ìwúwo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí mẹ́wàá, kí ẹ wá fi nọ́ńbà tó ń sọ ìwúwo di ìwọ̀n omi, tí wọ́n ń pè ní Z, sọ ọ́ di púpọ̀. Tí omi bá wà ní 25 °C, Z jẹ́ 1.0040, ní 28 °C, 1.0048, ní 30 °C, 1.0054. Àpẹẹrẹ kan: ẹ yí pìpẹ́ẹ̀tì sí 1000, omi wà ní 28 °C, ìpíndọ́gba ìwúwo jáde ní 985.0 mg. 985.0 lọ́nà 1.0048 jẹ́ 989.7 µL, ó fi 10.3 dín. 8 µL ni ìlànà náà fi àyè gbà fún pìpẹ́ẹ̀tì 1000, torí náà ó ti kùnà. Fún ti 20 µL, 0.2 µL péré ni àyè rẹ̀. Ẹ tún ṣírò bí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣe fọ́nká sí ara wọn, SD tí ẹ ti mọ̀ yẹn: 3 µL ni ààlà fún 1000, 0.1 µL fún 20.

Ohun tí nọ́ńbà méjèèjì ń sọ yàtọ̀ síra o. Tí ìpíndọ́gba bá kéré ṣùgbọ́n tí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sún mọ́ ara wọn típẹ́típẹ́, ìwọ̀n ló yẹ̀, ó ṣeé tún tò. Tí wọ́n bá fọ́nká, jíjò ni, tàbí písítìn ń há, tàbí ọwọ́ kò dúró. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bù ú pẹ̀lú pìpẹ́ẹ̀tì kan náà. Tí tirẹ̀ bá ṣù jọ tí tiyín fọ́n, ẹ ti mọ ibi tí ó wà.

Ọ̀nà àbùjá kan wà fún ti 1000 tí òṣùwọ̀n tó ń ka 0.01 g nìkan bá wà nílẹ̀: ẹ bu ìwọ̀n mẹ́wàá sínú ife kan, kí ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. 8 µL lórí ìkọ̀ọ̀kan á di nǹkan bí 0.08 g lórí gbogbo rẹ̀, òṣùwọ̀n yẹn sì lè rí i. Kò lè sọ fún yín bóyá wọ́n fọ́nká, ṣùgbọ́n á sọ bóyá ìpíndọ́gba ti yẹ̀.

Kókó kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ láàbù kò kà sí. Ìlànà náà kò ní kí àṣìṣe dín kù bí ẹ bá yí nọ́ńbà wálẹ̀. 8 µL yẹn náà ló gbà fún pìpẹ́ẹ̀tì 1000 nígbà tí ẹ bá yí i sí 100, ìyẹn sì ti di ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Pìpẹ́ẹ̀tì tó yege pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ṣì lè ba àyẹ̀wò yín jẹ́ tí ẹ bá ń fi èyí tó tóbi bu ohun kékeré. Èyí tó kéré jù tó lè gba ìwọ̀n náà lẹ ó máa mú.

Tó bá jẹ́ síìlì ni, ẹ tú u pẹ̀lú ìwé ìlò rẹ̀ níwájú yín, lórí aṣọ funfun kí sípíríǹgì má fò lọ. Ẹ wo písítìn. Tó bá ní àmì dúdú tàbí pupa bí ìpáta, èéfín ásíìdì tàbí bílíìṣì ti jẹ ẹ́, síìlì tuntun kò ní pẹ́ lórí rẹ̀, písítìn fúnra rẹ̀ lẹ máa pààrọ̀. Tó bá ń dán, ẹ fi aṣọ tí kì í tú òwú àti ọtí isopropanol 70% nù ún, ẹ fi omi dísítíìlì fọ inú ẹnu rẹ̀, kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó tò ó padà. Gírísì tí olùṣe rẹ̀ fi ránṣẹ́ nìkan lẹ ó lò, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó jẹ́ pé ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Àwọn irú kan wà tí olùṣe wọn kò tilẹ̀ fẹ́ gírísì kankan, ìdí tí mo fi ní kí ìwé ìlò wà nílẹ̀ nìyẹn. Vaseline ò gbọ́dọ̀ débẹ̀: epo inú rẹ̀ máa ń mú rọ́bà wú. Bí ẹ bá tò ó tán, ẹ tún un wọ̀n. Pìpẹ́ẹ̀tì tí a tú tí a kò wọ̀n kò yàtọ̀ sí èyí tí a kò tú. Tí ìwọ̀n bá ṣì yẹ̀ bó ti wà, ẹ lè tún un tò. Ara Eppendorf Research plus, fún àpẹẹrẹ, fèrèsé kékeré kan wà tí wọ́n kọ ADJ sí fún un. Ẹ má fọwọ́ kàn án tí ẹ kò bá tíì mú jíjò kúrò, torí ńṣe lẹ máa fi nọ́ńbà bo ihò mọ́lẹ̀.

Ọwọ́ wá kù, ibẹ̀ sì ni mo rò pé ti haemoglobin yín lè wà. Ẹ̀jẹ̀ ki, kì í sáré. Ẹni tó bá já àtàǹpàkò lójijì, afẹ́fẹ́ ló máa fà mọ́ ọn, nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ á ta dé inú ẹnu pìpẹ́ẹ̀tì. Ẹ po ẹ̀jẹ̀ náà dáadáa, ẹ tẹ̀ ẹ́ dé ìdúró àkọ́kọ́ (ibi tí àtàǹpàkò ti kọ́kọ́ bá ìdènà pàdé; bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kọjá ibẹ̀ dé òpin, ìdúró kejì nìyẹn), ẹ ti típù bọ inú ẹ̀jẹ̀ ní mílímítà méjì tàbí mẹ́ta péré, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ ka oókan eéjì kí ẹ tó yọ ọ́. Ẹ nu ẹ̀yìn típù láìjẹ́ kí aṣọ kan ẹnu rẹ̀: tí ó bá kàn án, aṣọ á fa ẹ̀jẹ̀ jáde, 20 yín á di 18. Tí ẹ kò bá sì nu ún, ẹ̀jẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn á lé e. Nínú Drabkin, ẹ fà á sókè kí ẹ dà á padà nígbà mẹ́ta sí márùn-ún títí inú típù á fi mọ́, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ dé ìdúró kejì. Ẹ wo típù kí ẹ tó jù ú nù. Bí pupa bá ṣì wà nínú rẹ̀, iye haemoglobin tí àbájáde yín fi dín nìyẹn.

Sírọ́ọ̀mù, omi tó ń yọ lára ẹ̀jẹ̀ tó ti dì, àti ohun tó ń yọ ìfófòó bí ọṣẹ ní ọ̀nà tiwọn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dé ìdúró kejì kí ẹ tó fà, ẹ dà á dé ìdúró àkọ́kọ́ nìkan, kí ẹ ju ìyókù inú típù nù. Ohun tó ṣẹ́ kù mọ́ ara típù kò ní jẹ́ kí ìwọ̀n yín dín mọ́. Reagent tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì máa ń mú pìpẹ́ẹ̀tì bu púpọ̀ jù, ohun gbígbóná a sì máa mú un bu kéré, torí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń sún kì tàbí ń fẹ̀. Ẹ jẹ́ kí reagent bá yàrá dọ́gba. Ẹ má sì fi pìpẹ́ẹ̀tì sọ́wọ́ láti àárọ̀ dọ̀sán, ooru ọwọ́ ń wọ inú rẹ̀. Ẹ gbé e kọ́ síbi ìkọ́ rẹ̀ láàárín iṣẹ́, kó dúró ṣánṣán: èyí tí a gbé dùbúlẹ̀ pẹ̀lú omi nínú típù, inú písítìn ni omi yẹn ń lọ. Bí ẹ bá ń gbé nọ́ńbà sókè, ẹ yí i kọjá díẹ̀ kí ẹ wá dá a padà wálẹ̀ síbi tí ẹ fẹ́.

Mo mọ̀ pé típù wọ́n, ọ̀pọ̀ sì ń fọ̀ ọ́ láti tún un lò. Fún 20 µL ẹ̀jẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ọṣẹ àti ooru ń yí ojú ike padà, omi á máa lẹ̀ mọ́ ọn, ẹnu rẹ̀ á sì fẹ̀, kò ní dì mọ́ pìpẹ́ẹ̀tì mọ́.

Ní ti ríra, ohun tí ẹ ń sanwó fún lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ bíi Eppendorf ni písítìn àti ilé rẹ̀ tí wọ́n gé bára mu, ẹnu tó ní sípíríǹgì nínú tí kì í jẹ́ kí èèyàn tẹ típù jù, odindi rẹ̀ tó ṣeé gbé sínú autoclave (ìkòkò tó ń fi ooru omi pa kòkòrò) ní 121 °C fún ogún ìṣẹ́jú, ìwé ẹ̀rí tó bá nọ́ńbà ara rẹ̀ mu, àti síìlì tí ẹ ṣì lè rà lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Bí oníṣòwò kejì bá lè fi síìlì àti ìwé ìlò tirẹ̀ hàn yín, tí pìpẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì yege lórí òṣùwọ̀n lójú yín, ẹ rà á láìbẹ̀rù. Bí kò bá lè ṣe é, ìdámẹ́rin owó yẹn á di ìdajì lọ́dún kejì, torí òmíràn lẹ máa rà. Lára èyí tí wọ́n bá pè ní Eppendorf náà, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n fín sí i lára, kó bá ti inú ìwé ẹ̀rí mu lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi nọ́ńbà náà béèrè lọ́wọ́ aṣojú ilé iṣẹ́ kí ẹ tó sanwó.

Ti 20 µL ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n lọ́sẹ̀ yìí. Tó bá kùnà, ẹ kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé àwọn ohun èlò yín, torí ẹni tó bá wá yẹ̀ yín wò lórí ISO 15189, ìlànà àgbáyé fún láàbù ìṣègùn, á béèrè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìwé àbájáde oṣù mẹ́ta yẹn, ẹ yọ orúkọ àwọn aboyún tí haemoglobin wọn bọ́ sí àárín 10 sí 11, kí ẹ pè wọ́n padà, kí ẹ sì tún àyẹ̀wò wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.